Ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni l'Amẹ́ríkà: kí ni ká yẹ̀ wò?

ÌyáDámilọ́lá (Houston) kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin máa jáde high school lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló lóun fẹ́ kọ́, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n (basketball) sì ni tiẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti gbà, ó kàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìbéèrè mi mẹ́ta rèé. Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn gan-an fún odidi ọdún mẹ́rin? Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún un ní Texas níbí? Orúkọ Kristẹni tí wọ́n kọ sára géètì yẹn, kí ló máa yí padà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí.

KóòṣìPápá dáhùn:

Ẹ kú ètò ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣẹ́ ṣáájú, torí ibẹ̀ lowó àwọn òbí ti ń ṣègbé.

Ní Texas, àjọ UIL ló ń darí ìdíje àwọn ilé ìwé girama ìjọba. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá máa jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ àkókò kíkún lábẹ́ district (àgbègbè ètò ẹ̀kọ́) tó ni ilé ìwé náà. Àwọn díẹ̀, bí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni òfin yọ sílẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi gbà á. Á máa kọ́ wọn ní ìtàn tàbí ìṣirò láàárọ̀, á wá mú fèrè lọ́sàn-án, owó fèrè yẹn sì jẹ́ àjẹmọ́nú lórí owó oṣù olùkọ́. Ọmọ tó bá gbé digírì coaching nìkan wálé, tí kò ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ti ìpínlẹ̀, ìta ni yóò dúró sí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kó gba digírì nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, tàbí kinesiology (ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) tó ní ìwé ẹ̀rí Physical Education EC-12 nínú, ìyẹn ti olùkọ́ ìdárayá láti jẹ́lé-ó-sinmi dé kíláàsì kejìlá, kó wá fi coaching ṣe àfikún. Digírì sábà máa ń jẹ́ krẹ́díìtì 120. Àfikún coaching kì í sábà ju 18 sí 24 lọ nínú rẹ̀, ó sì máa wọlé sínú ọdún mẹ́rin bó bá ti mú un láti ọdún kìíní. Bó bá di ọdún kẹta kó tó rántí ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ọdún karùn-ún ti yọjú nìyẹn. Ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ nìkan ń gba nǹkan bí sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko, kò sì ṣeé há mọ́ àárín kíláàsì mìíràn.

Àwọn ilé ìwé aládàáni tó wà lábẹ́ TAPPS, àjọ ìdíje tiwọn, kò sí lábẹ́ òfin UIL yẹn. Ní ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ipò graduate assistant lọ̀pọ̀ ń gbà wọlé: ọdún méjì, kọ́lẹ́ẹ̀jì á san owó ẹ̀kọ́ másítà, á fún un ní owó oúnjẹ díẹ̀, òun náà á sì máa gé fídíò, á máa kó bọ́ọ̀lù, á máa wa ọkọ̀ ikọ̀ lóru.

Ohun tí wọ́n ń kọ́: ọdún kìíní sí ìkejì jẹ́ ti ara ènìyàn, ìyẹn egungun, iṣan, ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, àti bí oúnjẹ ṣe ń di agbára. Ibẹ̀ ni àwọn tó rò pé eré lásán làwọn wá ṣe ti ń ṣubú. Lẹ́yìn náà ni bí ara ṣe ń kọ́ ohun tuntun, bí agbára ṣe ń ti orí ilẹ̀ gba ẹsẹ̀ gòkè, ìrònú eléré, ètò ìgbáradì fún odidi sáà, òfin, ìṣirò owó ikọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni á fi Bíbélì àti ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kún un. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan síbòmíràn, àwọn kan kì í ju krẹ́díìtì 6 lọ, àwọn mìíràn ń béèrè 18.

Àmọ́ ohun tó ń sọ ọmọ di akọ́nimọ̀ọ́gbá kò sí nínú gbogbo ìyẹn. Wákàtí tó fi dúró níwájú ọmọdé pẹ̀lú fèrè lẹ́nu ni, tí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa wá kiri.

ÌwéÀtijọ́ dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ìbéèrè kẹta Màmá, nítorí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí ọmọ yẹn fẹ́ràn, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni ni.

Ọdún 1885 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Springfield, Massachusetts, láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ àti ti YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kristẹni. Òun ló di Springfield College. Luther Gulick, tó ń darí ẹ̀ka ìdárayá níbẹ̀, sọ fún olùkọ́ ọ̀dọ́ kan, James Naismith, pé kó wá eré kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ṣe nínú ilé nígbà òtútù. Naismith ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn kó tó débẹ̀. Ní December 1891, ó so agbọ̀n èso péáṣì méjì mọ́ ara bákónì òkè gbọ̀ngán náà, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sílẹ̀, ó kọ òfin mẹ́tàlá, ó sì pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógún sí mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá yẹn náà ni rímù wà títí dòní. William Morgan, tó kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ló dá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá (volleyball) sílẹ̀ ní Holyoke lọ́dún 1895.

Ẹ wo òfin mẹ́tàlá wọ̀nyẹn dáadáa, ẹ ó rí ohun tí olùkọ́ onígbàgbọ́ ń rò. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù sá lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi èjìká ti ẹnì kejì, tàbí kó gbá a, tàbí kó gbé ẹsẹ̀ lé e lọ́nà. Agbọ̀n wà lókè kí ipá má bàa wúlò, kó jẹ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ló ń ṣe é. Ìwà tí Naismith fẹ́ ló fi ṣe òfin eré rẹ̀. Nígbà tí Gulick sì ya onígun mẹ́ta rẹ̀, ẹ̀mí, ọpọlọ àti ara, ìdí kan náà ni.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé Springfield òde òní kì í ṣe ti ìjọ kankan. Orúkọ àti ìtàn kò tó láti fi mọ bí ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe rí lónìí.

DíákónìKúnlé dáhùn:

Ó ṣeun gan-an, ÌwéÀtijọ́. Màmá, ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn parí sí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Oríṣi kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ìjọ dá sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìsìn ti di ìfẹ́ inú ẹni níbẹ̀. Èkejì gba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ onígbàgbọ́, ìsìn chapel sì jẹ́ dandan. Ẹ̀kẹta ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tàbí májẹ̀mú ìwà kó tó wọlé.

Májẹ̀mú yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ó lè ka ọtí léèwọ̀ kódà fún ẹni tó ti pé ọdún 21, ó lè yan wákàtí tí ọkùnrin àti obìnrin lè wọ yàrá ara wọn. Chapel náà ń gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n ń ka iye tó pa jẹ, ó sì lè di owó ìtanràn tàbí ìdádúró. Ẹ kà á tán kí ọmọ tó fọwọ́ sí i, kí òun náà kà á.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adventist tún yàtọ̀. Wọn kì í gbáradì, wọn kì í díje, láti ìwọ̀ oòrùn ọjọ́ Ẹtì títí di ìwọ̀ oòrùn Sátidé. Akẹ́kọ̀ọ́ coaching tó wà níbẹ̀ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ọ̀sẹ̀ ìgbáradì láìsí ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń díje. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Eric Liddell, eléré sísá ọmọ Scotland tó ń pa ọjọ́ Àìkú mọ́, kọ̀ láti sá mítà 100 níbi Olympics ní Paris lọ́dún 1924 nítorí pé ìpele àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ó ti mọ̀ ṣáájú, ó sì yí ìgbáradì rẹ̀ sí 400, ó gba góòlù ní ìṣẹ́jú àáyá 47.6. Ìgbàgbọ́ tí kò bá hàn nínú ìwé ètò ìgbáradì, ẹnu lásán ni.

Ọ̀rọ̀ owó: kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni kan lè wà ní NCAA, NAIA tàbí NCCAA, àwọn àjọ tó ń darí ìdíje kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìyàtọ̀ wọn kàn yín bí ọmọ bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́. NCAA Division III, níbi tí Calvin, Hope àti Wheaton ti Illinois wà, kì í fún ẹnikẹ́ni lówó nítorí eré. Owó tí wọ́n ń fúnni jẹ́ ti ìwé kíkà tàbí ti àìní. NAIA ń fúnni ní ti eré. NCCAA ni àjọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni fúnra wọn láti 1968, àwọn ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kéékèèké sì wà ní Division II rẹ̀.

Ọmọ_Òṣogbo dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ẹ dákun, ẹ fi ti ìfọwọ́sí kún un, torí mo rí i pé wọ́n ń fi ẹ̀dínwó fa àwọn òbí. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kan lè ní ìfọwọ́sí ABHE tàbí TRACS, àwọn àjọ tó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni wò, ìjọba àpapọ̀ sì mọ àwọn méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ lè rí owó ìjọba gbà. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kó krẹ́díìtì rẹ̀ lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀, wọ́n lè má kà á. Ẹ pe yunifásítì tó sún mọ́ yín, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Lórí owó, gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń gba owó ìjọba gbọ́dọ̀ ní net price calculator lórí ìkànnì wọn, ohun tó ń ṣírò iye tí ìdílé yín lè san gan-an. Iye tó bá jáde níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wé ara wọn. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ìwé kọ́ lọ̀pọ̀ èèyàn ń san.

Bísí_Orúnkún dáhùn:

Mo ti ń rí i nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ mìíràn pé àwọn kan ń pe iṣẹ́ yìí ní athletic training. Rárá o. Athletic trainer jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera tó ní láìsẹ́ǹsì, digírì másítà sì ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀ báyìí. Wọn ò gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí ti bachelor mọ́ láti 2022. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í wo ọgbẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ọgbẹ́ má wáyé, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dá eré dúró.

Màmá, Houston lẹ wà, ẹ jẹ́ n fi ti ooru ṣe àpẹẹrẹ, torí ọmọ ń kú níbẹ̀. Ara tí kò tíì mọ ooru nílò nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlá kó tó bá a mu. Ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìlànà àwọn athletic trainer ni pé akoto nìkan ni wọ́n ń wọ̀ lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, akoto pẹ̀lú ìdáàbòbò èjìká láti ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, gbogbo ìhámọ́ra lọ́jọ́ kẹfà. Láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ ni ìgbáradì. Ibi tó ń bàjẹ́ sí: ọmọ kan dé lọ́jọ́ kẹjọ láti ìrìn àjò, akọ́nimọ̀ọ́gbá fi í sínú àwọn tó kù. Ọjọ́ kìíní ni ti ọmọ yẹn, kàlẹ́ńdà ikọ̀ kọ́ ni ara ń kà.

Bí ọmọ bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ẹ má dúró dìgbà tí òógùn bá dá. Eléré lè máa láàgùn kí ooru sì ti wọ inú ara rẹ̀ kọjá ìwọ̀n 40 Celsius. Ẹ pe 911, ẹ sì gbé e sínú agbada omi yìnyín títí dé ọrùn, kẹ́ni kan di orí rẹ̀ mú. Ẹ kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ tutù ná, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Láàárín ìṣẹ́jú 30 ni ooru ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Agbada yẹn gbọ́dọ̀ kún kí ìgbáradì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá yìnyín lẹ́yìn tí ọmọ ti ṣubú ti pẹ́.

Ọpọlọ mímì (concussion) náà ńkọ́? Òfin Texas láti 2011 ni pé kí ọmọ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀, kó má padà lọ́jọ́ náà, kí dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó padà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dára á mú kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òbí tó ń bínú pé ọmọ rẹ̀ kò ní padà lónìí, nínú ìdánrawò, nítorí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń rọ̀.

Orúnkún: okùn ìsopọ̀ tí wọ́n ń pè ní ACL ń já lára àwọn ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ. Ètò FIFA 11+ ń gba ogún ìṣẹ́jú, eré rẹ̀ jẹ́ 15: ìṣẹ́jú mẹ́jọ eré sísá, mẹ́wàá ti agbára àti ìdúróṣinṣin, méjì eré sísá. Ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó fi ń kọ́ èèyàn láti balẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ń fò. Ẹ wo orúnkún bí ọmọ bá ń balẹ̀: bó bá wọ inú, tí méjèèjì fẹ́ kanra, ẹ dá a dúró, ẹ mú un tún fò.

Abíọ́dúnL dáhùn:

Ẹ ṣeun o, Àǹtí Bísí. KóòṣìPápá, ẹ ní wákàtí lórí pápá ló ń ṣe é. Kí ni olùkọ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ń wò gan-an? Ẹ fún wa ní ẹyọ kan.

KóòṣìPápá dáhùn:

Ẹ jẹ́ ká mú jíjù láti ojú ìlà ọ̀fẹ́, ẹsẹ̀ bàtà 15 sí pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ coaching ní ọmọ méjìlá àti ìṣẹ́jú 15.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ máa kọ sílẹ̀ ni ìlà. Bó bá to àwọn méjìlá sídìí rímù kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ìṣẹ́jú méjì ni ọmọ kan á fi dúró kó tó tún kàn án. Ní ìṣẹ́jú 15, bọ́ọ̀lù méje tàbí mẹ́jọ ló jù. Bó bá lo rímù mẹ́rin, mẹ́ta mẹ́ta, ọgbọ̀n ló máa jù. Ọmọ kan náà, àkókò kan náà, ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ìwà pálapàla tí wọ́n ń bá ọmọ wí fún, ìdúró lórí ìlà ló fà á.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tí kò mọ̀ á máa sọ pé: ìgúnpá rẹ, ọrùn ọwọ́ rẹ, orúnkún rẹ. Bí ọmọ bá ń ronú nípa ìgúnpá, ara á le gbagidi. Ẹ sọ fún un pé kó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá lórí iwájú rímù kó sì wọlé láti òkè, kó fojú sí ibi kan ní ẹ̀yìn rímù. Ojú ń wo ìta, ọwọ́ á wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ìwádìí lórí bí ara ṣe ń kọ́ ohun tuntun ti fi èyí hàn léraléra, síbẹ̀ ẹnu àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kò tíì kúrò ní ìgúnpá.

Ìkẹta ni bó ṣe tò ó. Jíjù àádọ́ta léra lójú kan máa ń dára lójú lọ́jọ́ ìgbáradì: ìgbà tó bá fi dé ogún, ọwọ́ ti gbóná, gbogbo rẹ̀ ń wọlé. Àmọ́ nínú ìdíje, méjì ni wọ́n sábà ń fún èèyàn, èémí sì ti ń já a. Nítorí náà: jù méjì, sá lọ sá bọ̀, jù méjì, gbá bọ́ọ̀lù fún ẹnì kejì, jù méjì. Ìgbà mẹ́wàá, ogún bọ́ọ̀lù. Iye tó wọlé á kéré lọ́jọ́ yẹn, inú ọmọ kò ní dùn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá dán an wò, ohun tó kọ́ lọ́nà yìí ló máa kù sí i lára. Akẹ́kọ̀ọ́ coaching gbọ́dọ̀ ní ọkàn láti fara da ọjọ́ tí kò dùn yẹn, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ìkẹrin ni ìdákẹ́jẹ́. Kó má sọ̀rọ̀ lẹ́yìn gbogbo bọ́ọ̀lù. Kó béèrè kọ́kọ́: kí lo rí? Ọmọ tó ń gbọ́ àtúnṣe nígbà gbogbo kì í kọ́ bó ṣe máa tún ara rẹ̀ ṣe.

Ohun kan kù tó rọrùn, tó sì níye lórí. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìgbáradì, kó béèrè lọ́wọ́ eléré kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má bàa wo ẹnu ara wọn, pé láti òdo sí mẹ́wàá, báwo lòní ṣe le tó? Kó sọ nọ́ńbà yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú. Meje fún ìṣẹ́jú 80 jẹ́ 560. Mẹ́ta fún 45 jẹ́ 135. Kó kọ ti ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, kó rò ó pọ̀ lọ́sẹ̀. Àṣírí tó ń tú níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá pè ní ọjọ́ fúfúyẹ́, àwọn ọmọ á kọ mẹ́fà tàbí méje sí i. Ara wọn kò sinmi, òun rò pé ó ti sinmi, ọ̀sẹ̀ kẹta ni iṣan ìtan á bẹ̀rẹ̀ sí í já.

DíákónìKúnlé dáhùn:

Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n, Kóòṣì, mi ò fẹ́ ká fi ẹ̀mí sílẹ̀ bí ẹni pé àfikún ni. Ẹni tí yóò máa pinnu ọmọ tó jókòó àti ọmọ tó wọlé, tí yóò sọ fún ọ̀dọ́ ọdún 16 pé kò yege, ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba ìtọ́ni. NAIA fúnra wọn kọ ohun márùn-ún sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí eléré ní: òtítọ́, ọ̀wọ̀, ojúṣe, ìwà ọmọlúàbí lórí pápá, àti ìdarí bí ìránṣẹ́.

KóòṣìPápá dáhùn:

A ò jà, Díákónì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí ẹ̀mí yẹn ti ń hàn ni ìlà ọmọ méjìlá. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ kò ní jẹ́ kó dúró ìṣẹ́jú méjì fún bọ́ọ̀lù kan. Bí kíláàsì ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ bá wà lápá kan, tí pápá wà lápá kejì, tí kò sí olùkọ́ tó so méjèèjì pọ̀, ọmọ á jáde pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì tó pọ̀ àti ohùn tó ń bú ọmọdé.

Ìyá_Rọfíà dáhùn:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀kan. Ọmọ Mùsùlùmí ńkọ́, bí ètò coaching tó wù ú bá wà ní irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀?

DíákónìKúnlé dáhùn:

Ẹ káàbọ̀, Ìyá Rọfíà. Oríṣi kìíní àti ìkejì tí mo kà lókè máa gbà á. Nínú ìkejì, ó máa jókòó ní chapel, ó sì máa kọ ìdánwò Bíbélì bí ẹ̀kọ́ yòókù. Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ló ń béèrè, kò ní gbà á, kò sì yẹ kó parọ́ nínú ìwé ìjẹ́wọ́. Kó béèrè kó tó wọlé nípa oúnjẹ, ibi tó ti lè kírun, àti ààwẹ̀ nígbà ìgbáradì. Kódà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni nílò ẹ̀kọ́ lórí ààwẹ̀, nítorí wọ́n máa ní eléré Mùsùlùmí lábẹ́ wọn. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, gba ààwẹ̀ Ramadan ní February 1995, wọ́n sì fi í ṣe eléré tó dára jù nínú oṣù náà ní NBA.

Bísí_Orúnkún dáhùn:

Bí ìgbáradì bá lè bọ́ sí ẹ̀yìn ìṣínu, ẹ gbé e síbẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi eré líle sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn, kí tọ̀sán jẹ́ ti ọgbọ́n ọwọ́ àti fídíò. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ kó máa fi ara rẹ̀ hàn bí akọni nínú ooru láìmu omi.

Ọmọ_Òṣogbo dáhùn:

Ó kù ohun kan tó so mọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìjọba, òfin ibẹ̀ sì yàtọ̀. Lọ́dún 2000, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ Santa Fe, Texas níbí: ilé ìwé ìjọba kò lè ṣètò kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbàdúrà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2022, ẹjọ́ Kennedy láti Bremerton, ìpínlẹ̀ Washington: akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kúnlẹ̀ gbàdúrà tirẹ̀ lórí pápá lẹ́yìn ìdíje, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn ka ìkejì, wọ́n gbàgbé ìkíní. Àdúrà tirẹ̀ kò sí ohun tó burú. Kó kó àwọn ọmọ jọ, kó sì jẹ́ kí ẹni tí kò kúnlẹ̀ máa bẹ̀rù ipò rẹ̀ nínú ikọ̀, ìyẹn lè mú ẹjọ́ wá, ó sì jẹ́ ìnilára fún ọmọ náà. Ẹgbẹ́ bíi FCA, ti àwọn eléré Kristẹni, tó ti wà láti 1954, ni ọ̀nà tó mọ́: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń pe ìpàdé, ẹni tó wù ú ló ń lọ.

ÌyáDámilọ́lá kọ:

Ọlọ́run á san yín lẹ́san gbogbo yín. A máa lọ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì. Tí mo bá dé ẹ̀ka yẹn, kí ni kí n béèrè lẹ́nu olórí ẹ̀ka?

KóòṣìPápá dáhùn:

Ẹ béèrè iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò níwájú eléré kó tó jáde, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sọ ọdún tó ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọdún kẹrin nìkan, ó ti pẹ́. Ẹ béèrè ẹni tó ń dúró wò wọ́n, kẹ́ ẹ ní kó fi ìwé àkíyèsí kan hàn yín, kó bo orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Bí ìwé yẹn bá kún fún «ó dára, ó dára», kò sẹ́ni tó wò ó. Ẹ béèrè ibi tí àwọn tó jáde lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ti ń ṣiṣẹ́, mélòó ló sì ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Kẹ́ ẹ tún béèrè bóyá ètò wọn ní ìfọwọ́sí tí NSCA mọ̀, bó bá wu ọmọ láti gba ìwé ẹ̀rí wọn, CSCS, ti àwọn tó ń kọ́ eléré ní agbára ara, lọ́jọ́ iwájú.

Bí wọ́n bá ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé ìwé láti kọ́ ọmọdé, ẹ béèrè òfin wọn lórí ààbò ọmọ. Òfin àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018 ń ní kí àgbàlagbà tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ fi tó agbófinró létí láàárín wákàtí 24 bó bá fura pé wọ́n ń bá ọmọ ṣèṣekúṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Bó bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọmọ, kí òbí wà nínú rẹ̀.

Bísí_Orúnkún dáhùn:

Màmá, ẹ fi ti èmi kún un. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sí gbọ̀ngán ìdárayá, kẹ́ ẹ sì béèrè ibi tí ẹ̀rọ AED tó ń ta ọkàn jí wà. Ẹ dúró láàárín pápá, ẹ gbé aago yín, ẹ rìn kíákíá lọ mú un, ẹ rìn padà. Bó bá ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, tàbí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ẹ béèrè ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ náà ní aago mẹ́jọ alẹ́.